Ṣé ká pín lísìtì wa sí mẹ́ta ni, àbí ká jẹ́ kó wà bó ṣe wà?

Olùtọ́jú Lísìtì
Ọjọ́ Ajé, 7:12 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará Ifẹ̀, tọmọdé tàgbà. Orí lísìtì gan-an ló yẹ kí n ti sọ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n tí mo bá sọ ọ́ níbẹ̀, méèlì á ti bò ó mọ́lẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e wá síbí.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀dí ọ̀rọ̀: lísìtì ímeèlì la dá sílẹ̀ láti máa ran ara wa lọ́wọ́ lórí àwọn sọ́fúwíà ọ̀fẹ́, bíi Linux (tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows), LibreOffice (ti ìwé títẹ̀), R (ti ìṣirò), àti ọ̀rọ̀ sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù àti méèlì fún àwọn yòókù. Ẹni tí nǹkan bá dàrú mọ́ lọ́wọ́ á kọ méèlì ẹyọ kan, gbogbo wa á rí i, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á dáhùn. Nígbà tí a kéré, ó dùn. Lónìí mo jí, mo bá méèlì mọ́kànlélógójì. Mo kà wọ́n tán nítorí pé èmi ni wọ́n ní kí n máa tọ́jú ibẹ̀. Mẹ́rìnlá nínú wọn jẹ́ ti àwọn bàbá méjì tó ń jiyàn lórí Apache àti Nginx, prógíráàmù sáfà méjì. Mẹ́sàn-án jẹ́ "ẹ ṣé o", "àmín", "èmi náà fẹ́ mọ̀". Ọmọ kan wà láàárín wọn tí LibreOffice rẹ̀ kò ṣí mọ́, tó sì ní iṣẹ́ tó fẹ́ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ olùkọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Kì í ṣe pé a ò mọ̀ ọ́n o. A ò rí i ni.

Ohun tí mo rò ni pé ká pín in sí mẹ́ta: ọ̀kan fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan fún àwọn onísáfà, ọ̀kan fún títẹ Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà, nítorí pé ìbéèrè àmì ohùn kì í tán nílẹ̀. Mailman, prógíráàmù ọ̀fẹ́ kan, la fi ń ṣe lísìtì náà, kò sì ní ná wa ní kọ́bọ̀ láti dá méjì sí i. Kí lẹ rí sí i?

Dátà Ti Tán
Ọjọ́ Ajé, 7:30 àárọ̀

Ẹ pín in, kíákíá. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Fóònù ni mo fi ń ka méèlì, mo sì ń ra dátà bí ẹni ń ra omi inú ọ̀rá. Kí ni mo fẹ́ fi Nginx ṣe? LibreOffice ni mo bá wá.

Bàbá Sáfà
Ọjọ́ Ajé, 9:05 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, Olùtọ́jú. Èmi ni ọ̀kan nínú àwọn bàbá méjì yẹn. Ẹ má bínú. Iná ò lọ lálẹ́ àná, ìyẹn ló fà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ń wọ ọgbà yunifásítì wa níbí ní ẹ̀wádún 1990, tí àwọn ICTP, ilé ìwádìí físíìsì tó wà ní Trieste ní Ítálì, ń ràn wá lọ́wọ́, èèyàn a máa tò láti ka méèlì. Tó o bá wá rí lẹ́tà lísìtì gbà, wàá kà á dé ibi tí wọ́n fọwọ́ sí i. Ìgbà yẹn ni mo kọ́ pé kò sí lísìtì tó bá ń ṣiṣẹ́ tí wọn kì í dá ọ̀rọ̀ pípín sílẹ̀ níbẹ̀. Usenet ẹ wò, ibi ìjíròrò orí kọ̀ǹpútà ayé àtijọ́. Abẹ́ orúkọ kan, net, ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìjíròrò wọn sí, títí ibẹ̀ ò fi gbà wọ́n mọ́. Ní 1987 wọ́n tú ilé náà palẹ̀, wọ́n pín in sí ojúlé méje: comp, misc, news, rec, sci, soc, talk. Ó wúlò, mi ò parọ́. Ṣùgbọ́n ìjà tó bí kò kéré, àwọn tí bí wọ́n ṣe pín in ò tẹ́ lọ́rùn sì lọ dá tiwọn sílẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n pè é ní alt.

Àwọn tó ń kọ kernel Linux, ìyẹn ọkàn rẹ̀ gan-an, ńkọ́? Lísìtì wọn pọ̀ bí ewé. Ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń jẹ́ netdev, ti USB ń jẹ́ linux-usb, ti mẹ́mórì ń jẹ́ linux-mm. Ṣé ẹ mọ bí ẹni tó fẹ́ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ ṣe ń mọ èyí tó kàn? Prógíráàmù kan wà nínú kóòdù Linux fúnra rẹ̀ tó ń jẹ́ get_maintainer.pl. Ẹ ó fi iṣẹ́ yín hàn án, á lọ wo fáìlì kan tó ń jẹ́ MAINTAINERS, á wá sọ ẹni àti lísìtì tí ẹ ó kọ̀wé sí. Àwọn ọ̀gá nìyẹn o! Wọ́n ní láti kọ prógíráàmù kí wọ́n tó mọ ilẹ̀kùn tí wọn ó kàn. Ta ló fẹ́ kọ tiwa fún ọmọ tí LibreOffice rẹ̀ kò ṣí?

Èyí tó tiẹ̀ ń dùn mí jù ni ti àwọn tó ń dáhùn. Tẹ́ ẹ bá yọ àwọn aláàmín kúrò, ṣé a ju mẹ́fà lọ? Tẹ́ ẹ bá dá ilé mẹ́ta, àwa mẹ́fà náà lẹ ó há sínú rẹ̀.

Ọmọ Físíìsì
Ọjọ́ Ajé, 1:40 ọ̀sán

Ẹ ǹlẹ́ sà. Mo gbọ́ tiyín, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn tán. PostgreSQL, prógíráàmù tó ń tọ́jú dátà, ní lísìtì pgsql-novice, ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, kò sì dí pgsql-general tó jẹ́ ti gbogbo èèyàn lọ́wọ́. Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ prógíráàmù, náà ní lísìtì Tutor. Wọn ò ya àwọn ọmọ titun sọ́tọ̀ kí wọ́n lè gbàgbé wọn. Àwọn àgbà kan fínnúfíndọ̀ jókòó síbẹ̀ láti máa dá wọn lóhùn.

Ohun tí ẹ̀yin àgbà ò rí ni pé ẹ̀rù yín ń ba èèyàn. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ wọ lísìtì yẹn, mo béèrè bí wọ́n ṣe ń fi terminal, ibi tá a ti ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kó fáìlì láti ibì kan sí ibòmíràn. Ẹnì kan dá mi lóhùn pé, "Lọ ka ìwé rẹ̀." Ó parí síbẹ̀. Odindi oṣù méjì ni mi ò fi béèrè nǹkan kan mọ́. Mo ń fi ọwọ́ fa fáìlì kiri bí ẹni ń kó búlọ́ọ̀kù.

Bàbá Sáfà
Ọjọ́ Ajé, 1:52 ọ̀sán

Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Tó bá jẹ́ èmi ni, mo tọrọ àforíjì níwájú gbogbo ayé.

Ọmọ Físíìsì
Ọjọ́ Ajé, 1:55 ọ̀sán

Kì í ṣe ẹ̀yin sà. Onítọ̀hún mọ ara rẹ̀.

Ìyá Táípù
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:20 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ gbogbo ilé. Àná ni mo fẹ́ dáhùn, àwọn oníbàárà ò jẹ́ kí n gbérí. Ẹ mọ̀ mí, ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni mo wà lẹ́bàá géètì ọgbà.

Ẹ gbọ́ èyí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ọmọ kan gbé iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ wá nínú fláàṣì, Yorùbá pọ́ńbélé, ó fi àmì sí gbogbo rẹ̀. Ó ṣí dáadáa lórí láptọ́ọ̀pù tirẹ̀. Bí mo ṣe ṣí i lórí kọ̀ǹpútà mi tó jẹ́ Linux, ojú ìwé àkọ́kọ́ kún fún àpótí kéékèèké. Ibi tí kò ti di àpótí, àmì ohùn ti fi orí lẹ́tà rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ bí ọmọ tí wọ́n lé jáde nínú kíláàsì. Ọmọ náà fẹ́ sunkún. Ó bá mi ní, "Mà, ẹ̀rọ yín ló bà á jẹ́."

Olùtọ́jú, nínú ilé mẹ́ta rẹ, èwo ni kí n gbé ìbéèrè yìí lọ? Ṣé ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni? Èmi tí mo ti ń tẹ̀wé láti ayé táípúráítà? Ṣé ti títẹ Yorùbá? Èmi kọ́ ni mo tẹ̀ ẹ́. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ nígbà yẹn bóyá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni, LibreOffice ni, Linux ni, tàbí fláàṣì ọmọ yẹn ló ní àrùn. Tí mo bá mọ ohun tó ṣe é, ṣé mo tún ń béèrè ni? Wọ́n ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ̀yin fẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè ọ̀nà ilé ẹni tá a fẹ́ béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀.

Dátà Ti Tán
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:31 àárọ̀

Ìyá yìí! Ẹ ti pa mí lẹ́rìn-ín. Kí wá ló ṣe é gan-an?

Ìyá Táípù
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:44 àárọ̀

Fọ́ńtì ni. Fọ́ńtì tí ọmọ náà lò kò sí lórí ẹ̀rọ mi, kọ̀ǹpútà wá wá òmíràn fi rọ́pò, èyí tó rí ò sì mọ Yorùbá. Mo béèrè lórí lísìtì, wọ́n ní kí ọmọ náà padà sórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀, kó lọ sí File, Properties, kó yan Font, kó sàmì sí ibi tó ní kí fọ́ńtì wà nínú fáìlì, kó tún un gbé wá. Tàbí kó kàn sọ ọ́ di PDF nílé. PDF ló ṣe. Láti ọjọ́ náà mo ti kó Noto Sans àti Charis SIL sórí gbogbo ẹ̀rọ mi, àwọn méjèèjì gba àmì wa dáadáa. Ẹ wá wò ó: onísáfà ló dá mi lóhùn! Bàbá kejì yẹn, ẹni tó ń bá Bàbá Sáfà jà. Tó bá jẹ́ pé ẹ ti kó o lọ sí ilé tirẹ̀, ta ni ì bá rí ìbéèrè mi?

Aṣèṣirò
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:15 ọ̀sán

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ àwa tó ń lo R. Ìwádìí ẹ̀gẹ́ ni mo ń ṣe, R ni mo fi ń ṣírò rẹ̀, mo sì ti wà lórí lísìtì wọn pẹ́.

R-help ni ẹnu ọ̀nà. Ó ti wà láti 1997. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ń pọ̀, wọn ò gé R-help sí wẹ́wẹ́. Àwọn tí iṣẹ́ wọn bára mu ló jáde lọ dá tiwọn. Àwọn tó ń ya máàpù lọ sí R-sig-geo. Àwọn tó ń ṣe mixed models, ìṣirò tí èmi fi ń wo oko tó wà ní ìpele-ìpele, lọ sí R-sig-mixed-models. Ti àwọn onímọ̀ àyíká wà, tiwọn ni R-sig-ecology. Gbogbo wọn ló ti mọ orúkọ ohun tí wọ́n ń wá kí wọ́n tó lọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ ṣì lè wá sí R-help, tí ìbéèrè rẹ̀ bá jẹ mọ́ máàpù, wọ́n á júwe ilé àwọn onímáàpù fún un.

Ẹ rí i pé ó yàtọ̀ sí ohun tí Olùtọ́jú sọ. Olùtọ́jú fẹ́ kó àlejò lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Èmi ní onílé ni kó lọ sí yàrá, kí pálọ̀ wà fún àlejò. Ọ̀nà púpọ̀ ló wọ Ọjà Ifẹ̀ lóòótọ́, Dátà Ti Tán, ṣùgbọ́n ẹni tí kò débẹ̀ rí, Ẹnuwá ló máa ń bá ara rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti béèrè.

Bàbá Sáfà
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:40 ọ̀sán

Ẹ ṣé mà. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Àwa onísáfà la máa kó jáde. Ẹ fún wa ní yàrá tiwa, ká lọ máa jà níbẹ̀.

Dátà Ti Tán
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:03 ọ̀sán

Ó dáa, ṣùgbọ́n pálọ̀ náà ṣì ń pariwo lórí fóònù mi. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Físíìsì
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:20 ọ̀sán

Ẹ lọ sí ojú ìwé Mailman yín, ibi tí ẹ ti forúkọ sílẹ̀. Ẹ máa rí ibi tí wọ́n kọ Digest Mode sí. Ẹ tàn án. Dípò kí méèlì máa já lu yín lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa di gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ẹyọ kan, á fi ránṣẹ́ lójúmọ́, àfi tí ọ̀rọ̀ bá pọ̀ gan-an lọ́jọ́ náà ló lè di méjì. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ máa gbà á lọ́kọ̀ọ̀kan, orí gbogbo méèlì lísìtì ní ìlà kan tó ń jẹ́ List-Id. Ẹ ní kí Gmail máa kó gbogbo ohun tó bá ní ìlà yẹn sí àpò kan ṣoṣo, kó má fi dún létí yín.

Dátà Ti Tán
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:48 ọ̀sán

Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí?! Kí ló dé tẹ́nì kan ò sọ fún mi!

Àǹtí Sábó
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:10 ìrọ̀lẹ́

Tíṣà ni mí, mo sì ti jáde nínú lísìtì yẹn ní tèmi. Mo fẹ́ sọ ìdí rẹ̀. Mo mú àwọn ọmọ SS2 mẹ́rin wọbẹ̀ kí wọ́n lè kọ́ nǹkan. Ní Àbámẹ́ta kan, ẹ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Linux ní Lágere. Àwọn ọmọ náà ò mọ̀. Ìkéde rẹ̀ wà nínú lísìtì, ṣùgbọ́n ó wà lábẹ́ àríyànjiyàn mọ́kàndínlógún. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n tó rí i. Ọ̀kan nínú wọn béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé àwọn àgbà máa ń bú ara wọn báyìí nítorí kọ̀ǹpútà. Kí ni kí n sọ?

Debian, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà Linux, ní lísìtì debian-announce. Ìkéde nìkan ló ń gba ibẹ̀ jáde, kì í ṣe ibi tí èèyàn lè dáhùn sí. Ṣé a ò lè ní irú rẹ̀?

Olùtọ́jú Lísìtì
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:31 ìrọ̀lẹ́

A lè ní in, mà. Kò sì gba àríyànjiyàn. Alẹ́ òní ni màá dá a sílẹ̀. Ẹ bá mi bẹ àwọn ọmọ náà.

Ará Modákẹ́kẹ́
Ọjọ́rú, 6:02 àárọ̀

Mi ò sùn lálẹ́ àná, ọ̀rọ̀ yín ló fà á. Ohun kan ń jẹ mí níyà tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ: kí ló dé tá a fi ń dáhùn ìbéèrè kan náà lójoojúmọ́? Ṣe bí lísìtì ní àkójọ ohun tá a ti sọ sẹ́yìn. Mo lọ síbẹ̀, mo wá "ẹ̀rọ ìtẹ̀wé". Mo rí ìdáhùn mẹ́ta. Mo wá "ero itewe" láìsí àmì. Mo rí òmíràn, kò sí ọ̀kankan nínú ti àkọ́kọ́ nínú wọn. Mo kọ "printer", òmíràn tún jáde. Mo padà sí "ẹ̀rọ ìtẹ̀wé", àmọ́ mo fi kíbọ́ọ̀dù fóònù tẹ̀ ẹ́ dípò ti láptọ́ọ̀pù. Ìdáhùn tó jáde yàtọ̀ sí ti ìṣáájú!

Mo wá mọ̀dí rẹ̀. Ẹ wo ẹ tiwa yìí. Lójú wa, lẹ́tà kan ni. Nínú Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ọ̀nà tí èèyàn lè gbà kọ ọ́ ju ẹyọ kan lọ. Kíbọ́ọ̀dù kan á kọ ọ́ ní odindi, nọ́ńbà rẹ̀ ni U+1EB9. Òmíràn á kọ e lásán, á wá fi àmì ìsàlẹ̀, U+0323, tẹ̀ lé e. Àwọn mìíràn ò lo tótóró rárá, ìlà kékeré tó dúró lábẹ́ lẹ́tà ni wọ́n ń lò, U+0329. Tẹ́ ẹ bá wá fi àmì ohùn lé e, ẹ́ tàbí ẹ̀, kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún un, àfi kí ẹ tò wọ́n lé ara wọn. Lójú èèyàn, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn. Lójú ibi tá a ti ń wá nǹkan nínú lísìtì wa, àjòjì ni wọ́n sí ara wọn.

Ìyá Táípù tó sọ ọ̀rọ̀ àpótí lánàá lè ti wá a títí kí wọ́n tó béèrè o. Ìdáhùn rẹ̀ wà nílẹ̀, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà tẹ̀ ẹ́.

Mo ti kọ Python kékeré kan. Á tú gbogbo lẹ́tà sí wẹ́wẹ́ pẹ̀lú unicodedata, èyí tí wọ́n ń pè ní NFD, á ju gbogbo àmì nù, á wá fi lẹ́tà lásán wá nǹkan. Ìlà méjìlá ni. Àléébù rẹ̀ ni pé ọkọ ìyàwó, ọkọ̀ tó ń lọ Ìbàdàn, ọkọ́ tí a fi ń ro oko, ọ̀kọ̀ ọdẹ, àti oko fúnra rẹ̀, gbogbo wọn á di oko. Ẹ fojú fò ó. Ẹni tó ń wá ìdáhùn lórí Linux kò ní ṣi ọkọ́ mú.

Bàbá Sáfà
Ọjọ́rú, 7:15 àárọ̀

Kúkú kú iṣẹ́ ọmọ mi! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọdún mẹ́rin tí mo ti ń fi ìka méjì tẹ ìdáhùn kan náà. Mo rò pé ẹ ò gbọ́ràn ni.

Olùtọ́jú Lísìtì
Ọjọ́rú, 7:40 àárọ̀

Ìyẹn dáa púpọ̀, màá gbé e sórí sáfà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká máa rántí pé ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wá nǹkan kí wọ́n tó béèrè. Àwọn kan kì í wá nǹkan rárá. Méèlì ò ní dín kù nítorí ìyẹn nìkan. Ẹnì kan tún bá mi sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀ pé ká máa kọ àmì sí iwájú àkọlé méèlì, bíi [SÁFÀ] tàbí [YORÙBÁ].

Ìyá Táípù
Ọjọ́rú, 8:05 àárọ̀

Mi ò ní rántí. Mo ń sọ fún yín ní kùtùkùtù báyìí kẹ́ ẹ má bàa fẹ̀sùn kàn mí lọ́la.

Ọmọ Físíìsì
Ọjọ́rú, 9:30 àárọ̀

Ẹ ò nílò láti rántí, mà. Mailman 2.1 ní nǹkan kan tó ń jẹ́ Topics. Olùtọ́jú á kọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó máa wò lára àkọlé, bíi sáfà, Apache, Nginx. Ẹni tí kò bá fẹ́ ìyẹn á yan ohun tó fẹ́, á sì sọ pé kí èyí tí kò bá ní àmì kankan máa dé ọ̀dọ̀ òun. Ti yín á máa dé gbogbo ilé.

Bàbá Sáfà
Ọjọ́rú, 9:58 àárọ̀

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n má gbé ilé lé e lórí. Python 2 ni Mailman 2.1 ń lò, àwọn tó ni Python sì ti fi Python 2 sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ 2020. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tá a máa kó kúrò níbẹ̀. Yàrá àwa onísáfà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣí, ariwo náà á lọ sílẹ̀.

Ọmọ Físíìsì
Ọjọ́rú, 10:20 àárọ̀

Mo gbà, sà. Àmọ́ mo ṣì ń jà fún àwọn ọmọ titun. Tí ẹ ò bá fún wọn ní ilé, ẹ fún wọn ní òfin: ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sọ pé "lọ ka ìwé rẹ̀", kó fi ojú ìwé náà ránṣẹ́, kó sì sọ ìlà tí wọn ó kà. Bí kò bá lè ṣe ìyẹn, kó dákẹ́.

Aṣèṣirò
Ọjọ́rú, 10:26 àárọ̀

Mo fọwọ́ sí i.

Dátà Ti Tán
Ọjọ́rú, 10:27 àárọ̀

Èmi náà o. (Mo mọ̀ pé irú méèlì báyìí la ń sọ pé ó pọ̀ jù. Ẹ forí jì mí, ibí kì í ṣe lísìtì.)

Ìyá Táípù
Ọjọ́rú, 4:35 ìrọ̀lẹ́

Ẹ dákún, mo fẹ́ béèrè nǹkan. Ọmọ yẹn ńkọ́, èyí tí LibreOffice rẹ̀ kò ṣí, tí Olùtọ́jú sọ ní Ajé? Ẹnì kan ti dá a lóhùn?

Olùtọ́jú Lísìtì
Ọjọ́rú, 5:12 ìrọ̀lẹ́

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wò ó. Rárá. Mo rò pé ẹnì kan nínú yín á ti ṣe é.

Bàbá Sáfà
Ọjọ́rú, 5:14 ìrọ̀lẹ́

Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ojú tì mí.

Ọmọ Físíìsì
Ọjọ́rú, 5:50 ìrọ̀lẹ́

Mo ti kọ̀wé sí i tààrà. Mo ní kó ṣí terminal, kó kọ libreoffice --safe-mode. Tó bá ṣí báyẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé fáìlì ètò rẹ̀ ló bàjẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ wà ní àlàáfíà. Kó ti LibreOffice pa, kó lọ sínú fódà .config tó wà nínú fódà home rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, inú libreoffice, inú 4, kó yí orúkọ fódà tó ń jẹ́ user padà sí user-atijo. Tó bá tún un ṣí, LibreOffice á dá òmíràn sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo kìlọ̀ fún un pé kó má pa fódà náà rẹ́ o, ó lè nílò rẹ̀.

Olùtọ́jú Lísìtì
Ọjọ́bọ̀, 7:05 àárọ̀

Ibi tí mo dé rèé. Lísìtì ìkéde ti ṣí, èmi àti Àǹtí Sábó nìkan la lè kọ nǹkan síbẹ̀ (wọ́n ti gbà láti padà wá). Lísìtì àwọn onísáfà ti ṣí, Bàbá Sáfà ló ń tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì ti ń jà níbẹ̀ láti alẹ́ àná. Lísìtì tiwa wà níbi tó wà, títẹ Yorùbá sì ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, nítorí àpótí Ìyá Táípù. Ibi tí Ará Modákẹ́kẹ́ ṣe fún wíwá nǹkan á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bí iná bá dúró lónìí. Òfin Ọmọ Físíìsì ti wà nínú méèlì tí a fi ń kí àlejò káàbọ̀.

Ilé àwọn ọmọ titun ló kù. Èmi àti Ọmọ Físíìsì ò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí ẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta a ó tún jókòó.

Ọmọ Físíìsì
Ọjọ́bọ̀, 7:30 àárọ̀

Màá wà níbí, sà.

Àlejò
Ọjọ́bọ̀, 8:16 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o. Èmi ni ọmọ tí LibreOffice rẹ̀ kò ṣí. Láti Ajé ni mo ti ń ka gbogbo ohun tí ẹ ń sọ níbí, mi ò mọ̀ bóyá mo lè dá sí i. Olùkọ́ mi sún ọjọ́ náà sí Ẹtì.

Mo ṣe bí ẹ̀gbọ́n ṣe wí. Ó ṣí. Ojú ìwé mẹ́tàdínláàádọ́rin, ọ̀kan ò sọnù nínú rẹ̀. Mo fẹ́ kọ "ẹ ṣé" sórí lísìtì, mo wá rántí ohun tí Olùtọ́jú sọ nípa àwọn méèlì mẹ́sàn-án yẹn.

Bàbá Sáfà
Ọjọ́bọ̀, 8:20 alẹ́

Lọ kọ ọ́, ọmọ mi. Tìẹ nìkan la máa gbà lọ́sẹ̀ yìí.